Ìdí Tí Òòrùn Kò Fi Rí Inú Ilé Ẹ̀kùkù Mọ́

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé a lè fi òwú ẹnu kòkòrò hun aṣọ, ilé ẹ̀kùkù kò rí bí ó ṣe rí lónìí. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò bá mọ ẹ̀kùkù, kòkòrò onírun lára ni. Ewé igi arère ló ń jẹ, ẹnu ara rẹ̀ ló sì ń fa òwú jáde. Òun ló ni òwú sányán tí àwọn àgbà fi ń dá agbádá, èyí tí wọn kì í jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ọbẹ̀ kàn.

Ní ìgbà náà, ẹ̀kùkù kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀. Ilé náà mọ́ gaara bí omi orísun. Bí o bá dúró níta, o ó máa rí onílé bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń họ ẹ̀yìn. Kò sí àṣírí kankan lórí igi arère nígbà náà.

Àwẹ̀ró ló fà á. Àwẹ̀ró ni àkọ́bí nínú àwọn ọmọ ẹ̀kùkù tó wà lórí igi arère kan ní etí igbó. Ìyá wọn, tó ti hu ìyẹ́, yé wọn sí abẹ́ ewé. Ó tu irun ara rẹ̀, ó fi bo gbogbo ẹyin náà, ó sì dùbúlẹ̀ láti kú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá ẹ̀kùkù máa ń ṣe. Kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀, ẹyin kan mira.

“Ìwọ tí o kọ́kọ́ mira yìí, Àwẹ̀ró ni n ó pè ọ́,” ìyá náà wí. “Jẹ́ kí ilé àwọn àbúrò rẹ máa mọ́ o. Mo fi wọ́n lé ọ lọ́wọ́.”

Ó kú. Ohun tí ó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, Àwẹ̀ró kò sì gbàgbé ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ẹyin náà ti pa tán, tí àwọn ọmọ sì dàgbà tó láti máa fa òwú, Àwẹ̀ró kíyè sí nǹkan kan. Òwú kì í jáde lẹ́nu wọn ní ìhòòhò. Ó máa ń wọ ẹ̀wù oje fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, oje tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣú díẹ̀. Ojú Àwẹ̀ró kọ́rẹ́.

“Itọ́ rèé,” ó wí. “Ta ló ń fi itọ́ kọ́lé? Ẹ lọ fọ̀ ọ́!”

Láti ìgbà náà, ní àràárọ̀, gbogbo wọn a tò sẹ́yìn Àwẹ̀ró lórí ẹ̀ka, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, nítorí àbúrò kan kì í ṣíwájú ẹ̀gbọ́n nínú ilé ẹ̀kùkù. Wọn a kó òwú wọn lọ sí ibi tí ìrì sẹ̀ sí, wọn a fọ̀ ọ́ títí oje náà yóò fi ṣí kúrò. Àwẹ̀ró a wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Àlàó, òwú rẹ ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Padà lọ.”

Àlàó ló tẹ̀ lé Àwẹ̀ró. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. “Ẹ̀gbọ́n mi, bí a bá ń fọ̀ ọ́ báyìí, kò ní ku òwú mọ́ o. Omi la ó máa gbé.”

“Padà lọ, mo ní.”

Àlàó a kùn lọ, a kùn bọ̀. Ṣùgbọ́n yóò fọ̀ ọ́.

Ẹnì kan wà tí inú rẹ̀ dùn sí ilé tó mọ́ gaara yìí ju Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ lọ. Òòrùn ni. Òòrùn kò bímọ. Àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń wo ayé, ṣùgbọ́n ilé gbogbo ló ní ògiri, ihò gbogbo ló ṣókùnkùn. Ẹyẹ ni, òkété ni, èèrà ni, gbogbo wọn ló ń tọ́ ọmọ wọn níbi tí ojú rẹ̀ kò tó. Orí igi arère yìí nìkan ni Òòrùn ti ń rí àwọn ọmọdé nínú ilé wọn. Bó bá ti yọ, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yà.

“Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Àyọ̀ká dà?”

“Mo wà níbí, Baba!”

Àyọ̀ká ni àbíkẹ́yìn. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Bó bá ti gbọ́ ohùn Òòrùn, yóò ká ara rẹ̀ róbótó, yóò sì máa yí kiri nínú ilé rẹ̀ títí Òòrùn yóò fi rẹ́rìn-ín. Gbogbo igbó á sì mọ́lẹ̀ sí i.

Ìgbà òjò ni ìgbà náà. Ewé arère ki, ìkùukùu pọ̀ lójú ọ̀run. Bí Òòrùn bá wo àwọn ọmọ náà, ara wọn a kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò rò ó pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọyẹ́ sì bá a wá. Igi arère bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé. Ó wọ́ ọ títí ẹ̀ka rẹ̀ fi ṣófo, kò wá sí ohunkóhun mọ́ láàárín Òòrùn àti àwọn ilé kéékèèké náà.

Inú Òòrùn dùn. “Háà, mo wá ń rí yín dáadáa!” ó wí, ó sì súnmọ́ wọn sí i.

Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí ara òwú tó mọ́ gaara. Kò rí ohun tó dá a dúró, kò rí ohun tó yí i lọ́nà padà. Ó kọjá tààrà, ó wọlé, ó bọ́ sí ẹ̀yìn àwọn ọmọ náà. Ooru tó kó wọlé kò sì rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, gbogbo wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” Àyọ̀ká ké, “ilé mi ń gbóná.”

Àwẹ̀ró sáré wá wo ilé náà, ó rí eruku ọyẹ́ lára rẹ̀.

“Eruku ni,” ó wí. “Ilé rẹ ti dọ̀tí ni. N ó bá ọ fọ̀ ọ́.”

Ìrì ṣọ̀wọ́n lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ló rí, tó há sínú èèpo igi. Ó gbé e wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àyọ̀ká rí omi náà, ó la ẹnu.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mu díẹ̀.”

“Jẹ́ kí ilé mọ́ ná, ọmọ ìyá mi,” ni Àwẹ̀ró wí, ó sì fi ẹ̀kán omi náà fọ ògiri.

Ẹ má bú u. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bú u. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló máa ń tẹra mọ́, ì báà wúlò, ì báà má wúlò. Ilé Àyọ̀ká wá mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òòrùn sì tún wọ ibẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Òòrùn yọ, ó pe Àyọ̀ká. Kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó tún pè é. Ọmọ náà dùbúlẹ̀ gbalaja, awọ ara rẹ̀ ti hunjọ, irun rẹ̀ ti rọ̀ mọ́ ọn lára.

“Kí ló ṣe ọmọ mi?” Òòrùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n wò ó dáadáa.”

Bó ṣe ń súnmọ́ ọn ni Àyọ̀ká ń gbọ̀n. Ibẹ̀ ni Àlàó ti fò jáde nínú ilé rẹ̀, tó sì gbé orí sókè.

“Baba, ẹ máa lọ!” ó kígbe. “Ẹ mójú kúrò! Ojú yín ló ń pa á!”

“Èmi?” ni Òòrùn wí. “Èmi tí mo kàn wá wò ó?”

“Ẹ̀yin ni. Bí ẹ bá ti wò ó ni ara rẹ̀ ń jó. Gbogbo wa là ń jó.”

Ó dun Òòrùn débi pé ó fa kùrukùru ọyẹ́ bo ojú rẹ̀, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í tu àwọn ọmọ ẹ̀kùkù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ariwo fi ta nísàlẹ̀. Alángbá kò lè gbẹ́sẹ̀, otútù ti mú un lẹ́sẹ̀. Òdòdó kò ṣí, oyin kò rí nǹkan fà. Àwọn ìyá tó sá ata sórí àpáta gbé ọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n ń béèrè ẹni tó pa iná ayé. Òòrùn kò rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí. Ó ṣí ojú.

“Ẹ foríjì mí,” ó wí fún àwọn ọmọ náà. “Kò sí bí mo ṣe lè máa tàn fún gbogbo ayé kí n má tàn sí yín lára. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn.”

Àlàó, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bú sẹ́kún.

Àwẹ̀ró nìkan kò sunkún. Ó wo Àyọ̀ká, ó wo ògiri tí òun fọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lára igi. Ó mọ ẹnì kan tó ń gbé nídìí igi náà, ẹni tó ti dàgbà kí ìyá òun tó hu ìyẹ́. Bàbá Ìgbín ni. Ọ̀nà náà jìn fún ẹ̀kùkù, èèpo igi sì gbóná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bó kó tó délẹ̀.

Bàbá Ìgbín ti sénu ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé ló máa ń sé e, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa jí i. Àwẹ̀ró fi orí kan ilẹ̀kùn náà.

“Bàbá, ẹ kú ìsinmi o. Ẹ má bínú. Àbúrò mi ń kú lọ.”

“Ta nìyẹn?” ohùn kan ké láti inú ìkarahun. “Àbí òjò ti rọ̀ ni?”

“Òjò kò tíì rọ̀, Bàbá. Èmi Àwẹ̀ró ni, ọmọ ẹ̀kùkù orí igi. Òòrùn ń jó wa mọ́lé.”

“Òòrùn ń jó mi náà. Ṣé o rí i kí n máa ké? Fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi. Báwo ló ṣe rí?”

Àwẹ̀ró fọwọ́ kàn án. “Ó funfun, Bàbá. Kò sì gbóná. Kí lẹ fi ṣe é?”

“Itọ́ ara mi ni.”

“Itọ́!” Ó ti bọ́ lẹ́nu Àwẹ̀ró kó tó rántí pé àgbà lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá Ìgbín rẹ́rìn-ín. “Itọ́, àní. Òwú tìrẹ ńkọ́? Kí ló wà lára rẹ̀ nígbà tó jáde lẹ́nu rẹ?”

“Ìdọ̀tí kan ni, Bàbá. Ìdọ̀tí tó ń lẹ̀. A máa ń fọ̀ ọ́ kúrò.”

“Ta ló sọ fún ọ pé ìdọ̀tí ni?”

“Ìyá wa ni.” Àwẹ̀ró dúró, ó ronú. “Ìyá wa ní kí n jẹ́ kí ilé àwọn àbúrò mi máa mọ́.”

“Mo ní ta ló sọ pé ìdọ̀tí ni?”

Àwẹ̀ró sorí kọ́.

“Nígbà tí ìyá yín ń kú lọ,” Bàbá Ìgbín wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀, “kí ló fi bò yín?”

“Irun ara rẹ̀ ni.”

“Ṣé ó fọ̀ ọ́?”

“Rárá, Bàbá. Ó kàn tu ú, ó fi bò wá bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ó dáa. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi í jẹ́ tọmọ ni. Ìyá rẹ kò ní kí o bọ́ ẹ̀wù lára òwú. Gbọ́ mi, ọmọ. Ìmọ́lẹ̀ Òòrùn kò burú, kò kàn mọ bí a ṣe ń yà fúnni ni. Bí kò bá rí ohun tó darí rẹ̀, tààrà ni yóò máa bọ̀ títí yóò fi bá ọ nílé. Ṣùgbọ́n òwú tó wọ ẹ̀wù oje kì í ṣe ohun kan, nǹkan méjì ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ẹ̀wù, yóò tẹ̀. Bó bá kan òwú tó wà nínú, yóò tún tẹ̀. Kó tó mọ ọ̀nà, ó ti kan fọ́nrán òwú mìíràn tó wọ ẹ̀wù bíi ti àkọ́kọ́. Yóò fọ́n káàkiri, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò sì padà síbi tó ti wá.”

“Ooru tó ti há sínú ilé ńkọ́, Bàbá?”

“Oje yẹn náà ni yóò gbà á lọ́wọ́ yín, yóò sì tú u síta. Òwú ìhòòhò kò mọ iṣẹ́ yẹn ṣe. Lọ, ọ̀sán ti ń pọ́n. Má sì tún jí mi o, àfi bí òjò bá rọ̀.”

Bí Àwẹ̀ró ṣe gun igi náà padà, òun gan-an kò mọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ Àyọ̀ká, ó ya ilé gaara náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa òwú yí ọmọ náà ká. Kò fọ̀ ọ́. Oje lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn lójú, kò bìkítà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, itọ́ ńkọ́?” ni Àlàó béèrè, ẹnu yà á.

“Mo ṣì í, Àlàó,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ẹ wá bá mi ṣe é, tèmi nìkan kò lè tó.”

Ẹ̀yin ọmọ, ó ṣòro fún àkọ́bí láti sọ bẹ́ẹ̀ lójú àbúrò. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín. Kò sẹ́ni tó fi í ṣẹ̀sín, Àlàó pàápàá kò fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n jáde nínú ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pagbo yí Àyọ̀ká ká, gbogbo wọn sì ń fa òwú pọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwú Àlàó gba orí òwú Àwẹ̀ró, òwú àwọn yòókù gba orí tiwọn, oje lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ilé ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kò sì ṣeé rí inú rẹ̀.

Òòrùn ń wò wọ́n. Ó rí i bí ìmọ́lẹ̀ òun ṣe ń dé ara òwú náà, tó ń fọ́n ká, tó ń padà wá bá òun. Ó wá rí i pé ojú òun kò tó ọmọ kan mọ́, kò tó ìkejì mọ́.

“Àwẹ̀ró,” ó pè. “Mi ò rí yín mọ́.”

Ihò kan ṣoṣo ló kù lára ilé náà. Àwẹ̀ró yọ orí jáde níbẹ̀.

“Baba, ẹ má bínú sí wa. A kò kórìíra yín. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí wa, a kò ní jẹ́ kó ṣègbé. Ìta ilé wa ló máa wà. Ẹni tó bá ń kọjá lọ yóò rí i pé ó ń dán, yóò sì mọ̀ pé ẹ yà sọ́dọ̀ wa.”

“Àyọ̀ká ńkọ́? Ṣé ó ń mí?”

“Ó ń mí, Baba. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ̀rọ̀.”

“Yẹ̀ lẹ́nu ihò yẹn kí n rí i lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Àwẹ̀ró wo ẹ̀yìn, ó wo Òòrùn. Kò mọ bí ọmọdé ṣe ń sọ pé rárá fún ẹni tó tó bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Òòrùn rí omi ojú náà.

“Rárá,” ó wí. “Má yẹ̀. Dí i pa.”

“Baba?”

“Mo ní kí o dí i pa, ọmọ mi. Kíákíá, kí n tó yí ọkàn padà.”

Àwẹ̀ró dí i pa.

Nínú ilé náà, ibi gbogbo ṣú díẹ̀, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì tutù. Wọ́n jókòó, wọ́n fara ti ara wọn, wọ́n ń retí. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kékeré kan sọ láàárín wọn pé, “Ẹ̀gbọ́n Àlàó, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò ní ẹ̀yìn mi.” Àyọ̀ká ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹkún, débi pé ilé náà ń mì lórí ẹ̀ka.

Òòrùn gbọ́ ẹ̀rín náà. Ó dúró síbẹ̀ títí ó fi tó àkókò láti wọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kùkù kò ti ní ilé kọ̀ọ̀kan mọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ló ń gbé inú ilé kan ṣoṣo, bí ẹ bá là á, ẹ ó rí wọn. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀wù oje kò ti kúrò lára òwú wọn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì fọ̀ ọ́ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá tó ń ṣe sányán fi gbọ́dọ̀ fi omi eérú se ilé ẹ̀kùkù lórí iná kí oje náà tó gbà láti ṣí. Ìdí náà sì nìyí tí ilé náà fi ń dán lójú oòrùn, tí inú rẹ̀ kì í sì í gbóná.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà hu ìyẹ́, Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí wọ́n jáde lọ́sàn-án. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ìrọ̀lẹ́ ló dá ihò sí ilé náà, nígbà tí Òòrùn ti wọ̀, wọ́n sì fò lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ ẹ̀kùkù ṣe ń jáde títí di òní.

Ní àràárọ̀, Òòrùn ṣì máa ń kọ́kọ́ yà sórí igi arère. Ó mọ iye àwọn tó wọlé, ó sì mọ orúkọ gbogbo wọn. Kò mọ̀ pé Àyọ̀ká ti hu ìyẹ́, pé ó ti fò lọ lẹ́yìn tí òun wọ̀.